Àtẹ ọ̀rọ̀-ìṣe Ítálì orí WordReference: bí a ṣe ń lò ó, àti àlàfo tí Treccani ń bá wa dí

Bí ẹ bá rí nacque nínú ìwé ìtàn Ítálì, ó lè má sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè tó wà lọ́wọ́ yín, torí abẹ́ nascere ni wọ́n tò ó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tolse ṣe fara pamọ́ sábẹ́ togliere, tí escono sì wà lábẹ́ uscire. Ibí yìí gan-an ni àtẹ ọ̀rọ̀-ìṣe (ojú ìwé tó ń to gbogbo ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kan) orí WordReference, sáìtì ìwé atúmọ̀ èdè, ti kọ́kọ́ gba oríyìn lọ́wọ́ wa. Ẹ tẹ ìrísí tí ẹ rí, bó ti wù kó jìnnà sí orísun rẹ̀ tó, yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ni ín.

Michael Kellogg ló dá sáìtì náà sílẹ̀ lọ́dún 1999. Ọ̀fẹ́ ni. Owó ìpolówó ọjà ni wọ́n fi ń gbé e ró, ẹ ò sì ní láti forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Lórí àtẹ náà, infinito (ìrísí tí ìwé atúmọ̀ èdè ń lò, irú nascere), gerundio (èyí tó parí sí -ndo) àti participio (irú andato, finito) ló wà lókè. Indicativo (fún ohun tí a sọ pé ó rí bẹ́ẹ̀) tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn àsìkò tó dá dúró àti àwọn tó ń gba essere ("jẹ́") tàbí avere ("ní") mọ́ra. Congiuntivo (fún èrò àti iyèméjì), condizionale (irú "ǹ bá") àti imperativo (fún àṣẹ) wá parí rẹ̀. Ìrísí tó bá yà kúrò nínú òfin, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má fojú kéré àwọ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun ló wúlò jù nínú gbogbo ojú ìwé náà.

Lédè tiwa, mo lọ, o lọ, a lọ, wọ́n lọ, "lọ" kò yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Ítálì ní modo (ẹ̀yà ìlò, irú indicativo tàbí imperativo) 7 àti àsìkò 21 lápapọ̀, 8 nínú wọn lábẹ́ indicativo nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ìrísí 6 fún ẹni mẹ́fà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í há àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ máa sú u kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ojú kan ṣoṣo kọ́ là ń fi wo àtẹ. Ẹ mú gerundio, presente (ìsinsìnyí) ti io ("èmi"), futuro (ọjọ́ iwájú) ti io, passato remoto (ohun tó ti kọjá, irú nacque) ti io àti participio passato (irú andato), kí ẹ kọ wọ́n sórí bébà. Àwọn márùn-ún yìí ló máa bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù.

Ẹ wo bí gerundio ṣe ń ṣiṣẹ́. Infinito bí bere, fare, dire àti tradurre ti gé kúrú, wọn ò fi gbòǹgbò wọn hàn mọ́. Gerundio ṣì dì í mú: bevendo, facendo, dicendo, traducendo. Inú rẹ̀ ni imperfetto (ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀) ti jáde: bevevo, facevo, dicevo, traducevo. Inú rẹ̀ náà ni congiuntivo imperfetto ti jáde: bevessi, facessi, dicessi, traducessi. Essere, dare àti stare ló máa da òfin yìí rú, ó tó kí ẹ há àwọn yẹn lọ́tọ̀: fossi, dessi, stessi. Dassi àti stassi tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, àṣìṣe ni.

Futuro náà ń bí condizionale láìsí àyàfi kankan. Verrò di verrei, vorrò di vorrei, berrò di berrei, andrò di andrei. Ibi tí ọwọ́ ti máa ń yọ̀ ni noi ("àwa"): parleremo jẹ́ futuro, parleremmo jẹ́ condizionale, lẹ́tà m kan ló sì pín wọn níyà. Ohùn gbọ́dọ̀ dúró lórí m méjèèjì náà kí ẹni tó ń gbọ́ tó mọ èyí tí ẹ ń wí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí -ire, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé infinito rẹ̀ láé. Dormire ń lọ dormo, finire ń lọ finisco, kò sì sí ohun tó hàn lára infinito tó máa sọ fún yín pé ọ̀kan máa gba isc. Ẹ wo io nínú àtẹ. Tó bá jẹ́ finisco, isc á wà ní finisci, finisce àti finiscono, àmọ́ kò ní sí ní finiamo àti finite. Capire, preferire, pulire àti spedire ń tọ ọ̀nà kan náà.

Passato remoto ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù, ibẹ̀ sì ni àwọ̀ inú àtẹ ti ń tàn. Ẹ ṣí prendere: presi, prendesti, prese, prendemmo, prendeste, presero. Io, lui ("òun") àti loro ("àwọn") ni àwọ̀ wọn yàtọ̀; tu ("ìwọ"), noi àti voi ("ẹ̀yin") ń tẹ̀ lé òfin. Bẹ́ẹ̀ ni scrissi, scrivesti, scrisse rí, bẹ́ẹ̀ ni feci, facesti, fece rí. Tí ẹ bá ti mọ presi, ẹ ti mọ prese àti presero. Essere (fui, fosti, fu), dare (diedi, desti, diede) àti stare (stetti, stesti, stette) ló yẹ kí ẹ kọ́ ní kíkún. Bí ẹ ṣe máa lo àkókò lórí rẹ̀ tó dúró lórí ibi tí ẹ ń gbé. Ní Milano tàbí Torino, passato prossimo (irú ho finito) ni wọ́n fi ń sọ ohun tó ti kọjá, ó tó kí ẹ dá passato remoto mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń kàwé. Ní Sicilia, Calabria àti Toscana, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Trapassato remoto, irú ebbi finito, ẹ kàn wò ó kọjá, inú ìwé nìkan ló kù sí.

Ibi tí àtẹ WordReference, àti àtẹ èyíkéyìí, kò ti tó yín ni ohùn. Ítálì kì í fi àmì sí ibi tí ohùn ti tẹ̀ àfi tó bá jẹ́ fáwẹ́lì ìparí, bíi parlò. Parlo ni "mo ń sọ̀rọ̀", parlò ni "ó sọ̀rọ̀". Àwa tí àmì ohùn ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà fún kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bí abitano kò ní àmì kankan lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ á pè é ní abitàno, torí ó ti gbọ́ abitiàmo àti abitàte, àbitano sì ni. Ìdí tí a fi ń ní kí ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Treccani orí íntánẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyí, ọ̀fẹ́ lòun náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ abitare, Treccani á kọ "io àbito" pẹ̀lú àmì. Ní presente, ibi tí ohùn bá tẹ̀ nínú io ló máa tẹ̀ nínú loro: àbito, àbitano, telèfono, telèfonano, diméntico, diménticano.

Àlàfo kejì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà kan nínú àtẹ kò lè ṣàlàyé ìgbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń gba essere àti ìgbà tó ń gba avere, ọ̀pọ̀ ló sì ń gba méjèèjì. Ho finito il lavoro (mo ti parí iṣẹ́ náà), àmọ́ il film è finito (fíìmù náà ti parí). Ho sceso le scale (mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn), àmọ́ sono sceso in cantina (mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé). Tí àbọ̀ bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, avere ni. Tí kò bá sí, tó jẹ́ pé ipò olùwà ló yí padà, essere ni. Correre ("sáré") ń fi ọgbọ́n mìíràn pín in: ho corso un'ora, nítorí eré sísá la ń wí, sono corso a casa, nítorí ibi tí a dé la ń wí. Treccani máa ń kọ "aus. essere" tàbí "aus. avere" (aus. ni ausiliare, ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́) fún ìlò kọ̀ọ̀kan, ó sì tún ń fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀ kí ẹ tó padà sórí àtẹ.

Ìbáramu participio tún ń bẹ lẹ́yìn ìyẹn. Pẹ̀lú essere, ó ń tẹ̀ lé olùwà: ọkùnrin kan, è andato, obìnrin kan, è andata, àwọn obìnrin, sono andate, tí ọkùnrin kan bá wà láàárín wọn, sono andati. Pẹ̀lú avere, kì í yí padà, àfi tí lo, la, li tàbí le (arọ́pò orúkọ tó dúró fún àbọ̀) bá ṣáájú rẹ̀: ho perso le chiavi (mo sọ àwọn kọ́kọ́rọ́ nù), ṣùgbọ́n le ho perse (mo sọ wọ́n nù). Ẹni tó bá ń ka andato nìkan lórí àtẹ lè jẹ́ obìnrin, kó máa sọ sono andato kiri, kí ẹnikẹ́ni má sì tún un ṣe fún un.

Congiuntivo, àtẹ máa fún yín ní ìrísí rẹ̀ dáadáa. Ẹ kíyè sí i pé ní presente, io, tu àti lui jẹ́ ọ̀kan náà: che io sia, che tu sia, che lui sia, nítorí náà ẹ máa dárúkọ olùwà kí ọ̀rọ̀ má bàa dojú rú. Ohun tí àtẹ kò ní sọ ni pé penso che ("mo rò pé") ń fà á wá (penso che sia tardi), tí so che ("mo mọ̀ pé") kì í fà á (so che è tardi). Kò sì ní sọ pé lẹ́yìn se ("bí"), condizionale kì í wọlé nínú irú gbólóhùn yìí: se avessi tempo, verrei. Bí mo bá ráyè ni, ǹ bá wá. "Se avrei" wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá, síbẹ̀ ó máa gé máàkì yín nínú ìdánwò.

Fún ẹni tó ń gbé ní Ítálì, ọ̀rọ̀ ìdánwò kì í ṣe eré. Láti 2018 ni òfin ti ń béèrè B1 (ìpele ìmọ̀ èdè kan, ó ga ju A2 lọ) lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìwé ọmọ onílùú nípasẹ̀ ìgbéyàwó tàbí ọdún tó ti lò níbẹ̀. Ìwé ìgbélùú onígbà pípẹ́ ti EU ń béèrè A2. Tó bá jẹ́ A2 lẹ ń lépa, ẹ fi presente, passato prossimo, imperfetto, imperativo àti vorrei ("mo fẹ́" pẹ̀lú ọ̀wọ̀) ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ fi ìyókù àtẹ sílẹ̀ ná. Congiuntivo presente lè dúró de B1.

Imperativo, tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ló yẹ kí ẹ kọ́ ní kíákíá, nítorí ọ̀dọ̀ dókítà àti nílé iṣẹ́ ìjọba lẹ ti máa lò ó. Fáwẹ́lì ìparí ń yí ipò padà: parla fún tu, parli fún Lei ("ẹ" ọ̀wọ̀), ní -ere àti -ire, prendi fún tu, prenda fún Lei. Ẹni tó bá sọ scusa fún àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí ti sọ "o" níbi tó yẹ kó ti sọ "ẹ". Mi scusi ló yẹ, àti mi dica, àti senta. Tí ẹ bá ń kọ̀ fún tu, infinito ni: non parlare. Fún Lei, non parli. Tí mi ("mi") tàbí le ("fún obìnrin náà") bá lẹ̀ mọ́ da' ("fún"), di' ("sọ") tàbí fa' ("ṣe"), kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ á di méjì: dammi, dimmi, fammi, dille. Gli ("fún ọkùnrin náà") nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀, digli la máa ń kọ. Fún Lei, mi á padà síwájú: mi dia.