Sọ́fítíwíà ṣọ́ọ̀bù: alódidi ni kí ẹ rà, àbí àtòpọ̀?

Ẹni tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba l'Òṣogbo, tàbí tó ń ta oògùn ní Òkè-Fìà, tí ìwé gbèsè ti sú, ọ̀nà méjì ló wà fún un.

Alódidi: ilé-iṣẹ́ kan ló ṣe é tán. Títà, kíka ọjà tó wà nílẹ̀, orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Ó yá láti kọ́, ẹnì kan ṣoṣo lẹ ó sì máa pè tó bá kọṣẹ́. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan péré lẹ ní, ẹ rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èdè kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ máa tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa rí ibi tó ti há: ohun tí ẹni tó ṣe é kò bá fi sí i, ẹ ò lè fi sí i.

Àtòpọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ ó máa so wọ́n pọ̀ bí ọjà ṣe ń gbòòrò. Bẹ́ẹ̀ ni Odoo, sọ́fítíwíà ìṣòwò kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, rí: ẹ lè fi títà nìkan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ìṣirò owó kún un tó bá yá. Oríṣi méjì ló ní: èyí tí wọ́n ń pè ní Community jẹ́ ọ̀fẹ́, Enterprise ni wọ́n ń gbowó lé. Àmọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ò kan owó ẹni tó máa bá yín tò ó o. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ nígbà tí ojú ìtajà ti wà ní ṣíṣí, ẹ ṣì lè máa tajà. Tó bá dé, á kó ohun tí ẹ tà ránṣẹ́. WooCommerce tí wọ́n fi ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà, orí WordPress, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ló ń gùn, Paystack tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì lè máa bá a gbowó.

Oríkèé, ibi tí ẹ̀yà kan ti so mọ́ òmíràn, ni wàhálà wà. Nọ́ńbà oníbàárà kan náà á jẹ́ 0803 níbi ìtajà, á jẹ́ +234803 níbi tí wọ́n ti ń fi téèsì ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà á kà á sí ènìyàn méjì: gbèsè lórí ọ̀kan, owó tó san lórí ìkejì. Ẹ̀yà tí ẹlòmíràn ṣe sì lè pòórá. Lọ́dún 2016, ẹnì kan yọ ẹ̀yà kékeré kan tó ń jẹ́ left-pad, ìlà kóòdù 11 péré, kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ti ń mú ẹ̀yà tí ẹlòmíràn kọ. Iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó gbára lé e dúró gbọnin fún ìgbà díẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó àtòpọ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ta yáàdì kan lójú yín, kí ẹ wò ó bóyá iye tó kù nílẹ̀ dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀. Kó sì kó orúkọ àwọn oníbàárà jáde sínú fáìlì CSV, irú èyí tí sọ́fítíwíà mìíràn lè kà. Bó bá ní "ìyẹn ń bọ̀", alódidi ni kí ẹ rà. Alódidi tí kò bá lè kó orúkọ jáde náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.