Wíwo ẹyẹ ní J4: gáìdì wọn dáa, àmọ́ ẹ mọ oṣù tẹ́ẹ máa lọ

Àwọn tó ń múùyàn lọ wo ẹyẹ ní J4 yìí, abúlé kan nínú igbó Omo nípìnlẹ̀ Ògùn, ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn, mọ́tò àti oúnjẹ ló jẹ ìkan tó kù. Ẹ má gba èyí tí wọ́n ń pariwo pé kò sígbà téèyàn ò lè wá, irọ́ ni jàre! Òjò Ìjẹ̀bú là ń sọ yìí o, oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, bó bá dá díẹ̀ lóṣù kẹjọ á tún padà, ọ̀nà inú igbó yẹn á sì di ẹrẹ̀, ọ̀kadà gan-an á máa yọ̀. Oṣù kọkànlá ni kẹ́ẹ lọ, kí ọyẹ́ tó dé, torí tí ọyẹ́ bá ti bo ojú ọ̀run, òjìji ẹyẹ lásán lẹ máa rí.

Gáìdì wọn ni mo gbóṣùbà fún. Ọmọ ibẹ̀ ni, etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ó kàn nawọ́ pé ká dúró, èmi ò gbọ́ nǹkan kan, ìgbà tó yá ni mo wá gbọ́ fùú, fùú, fùú, bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ ńlá fẹ́ná lókè igi, àṣé ìyẹ́ àgbìgbò ni! Méjì kọjá lórí wa tàwọn ti ẹnu wọn gbọọrọ. A rí agbe náà, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ kọjá inú oríkì.

Tó bá di bí aago mẹ́wàá, inú igbó á pa lọ́lọ́. Ẹ jáde síbi tí wọ́n ti gé igi gmelina, kẹ́ẹ gbójú sókè. Oòrùn á ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè, ibẹ̀ ni àwòdì máa wọ̀ sí, á na apá láìjù ú rárá, á máa yí po títí á fi kéré lójú (irú afẹ́fẹ́ yẹn náà làwọn tó ń fi paraglider, aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, fò lókè òkun ń wá kiri). Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòdì ń bá wa gbé, tójò bá dé á gba òkè Ọya lọ.

Láti 1925 ni wọ́n ti ya igbó yìí sọ́tọ̀, àjọ àgbáyé UNESCO náà fọwọ́ sí i ní 1977, síbẹ̀ ariwo ẹ́ńjìnnì àwọn agégẹdú ò jẹ́ ká gbádùn ọ̀sán.

Ilẹ̀kùn mọ́tò tó gbé wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, okùn ni wọ́n fi so ó. Ìkòkorẹ́ wọn tutù, kò lẹ́ja, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú! Ẹ gbé oúnjẹ yín dání sha, kẹ́ẹ sì ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ sọ́ọ̀kì, ìjàlọ ibẹ̀ ò mọ àlejò.