Ìwé agbésùnmọ̀mí mẹ́ta lórí ẹní kan: èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ìwé àlòkù ní Ògbómọ̀ṣọ́, yálà ní Tákíè tàbí lọ́nà LAUTECH, tí ẹ rí The Day of the Jackal ti Frederick Forsyth (1971), The Little Drummer Girl ti John le Carré (1983) àti The Sum of All Fears ti Tom Clancy (1991), ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé wọn lè mú yín rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Agbésùnmọ̀mí, ìjọba, amí, àkókò tó ń tán lọ. Síbẹ̀, ẹni tó fi òru kan ka ọ̀kan tán lè pa èkejì dé kó tó dé ojú ìwé 60. Forsyth ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Le Carré ń sọ ohun tó ń jẹ ọkàn ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Clancy ń sọ bí ìjọba ńláńlá ṣe ń ṣi ara wọn gbọ́. Èyí tó bá wù yín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ sanwó fún.

Ti Forsyth ló kúrú jù, bíi 400 ojú ìwé. OAS, ẹgbẹ́ àwọn Faransé tí inú ń bí nítorí òmìnira Àlùjíríà, háyà apànìyàn kan láti pa Ààrẹ de Gaulle. OAS wà lóòótọ́, wọ́n sì da ìbọn bo ọkọ̀ Ààrẹ náà ní Petit-Clamart ní oṣù kẹjọ ọdún 1962. Wọn ò rí i pa o: ikú ara rẹ̀ ló kú, ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, kí ìwé yìí tó jáde. Ilé ìtẹ̀wé bíi mélòó kan kọ̀ láti tẹ ìwé náà, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé OAS ò rí Ààrẹ náà pa: ìtàn tí gbogbo ayé ti mọ òpin rẹ̀, ta ni yóò rà á? Àwọn tó kà á ti dáhùn. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ló ń mú èèyàn dúró. Ẹ wo ibi tó ti ń dán ìbọn rẹ̀ wò nínú igbó Ardennes: ó ra bàrà kan lọ́jà, ó kun ún ní ọ̀dà, ó ya ojú, imú àti ẹnu sí i, ó so ó rọ̀ sára igi nínú àpò olókùn, ó wá rìn jìnnà. Ó yìn ín, ó lọ wo ibi tí ọta bà, ó fi irin kékeré yí ìdè awò ìbọn díẹ̀, ó tún yìn ín. Ìgbà tó fi ọta àkànṣe parí rẹ̀, bàrà náà fọ́ yángá. Kò sí ariwo kankan nínú ìwé náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí ẹni tó ń kà á á wú.

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kàn án ni pé apànìyàn náà kò ní ọkàn, a ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Lebel, ọlọ́pàá kúkúrú tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jágbe mọ́, ni àwọn òǹkàwé ń fẹ́ràn. Ẹni tó bá sì dàgbà sórí Lápàdé nínú Àgbàlagbà Akàn, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ọmọ Ọ̀yọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1971 yẹn kan náà, má wá ẹ̀fẹ̀ àti òwe débẹ̀. Kò sí.

The Little Drummer Girl ló dára jù lójú tiwa, òun náà ló sì ń lé èèyàn sá jù. Àdó olóró kan bú ní ilé òṣìṣẹ́ ìjọba Ísírẹ́lì ní Bad Godesberg, Jámánì. Àwọn amí Ísírẹ́lì wá Charlie, òṣèré ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó ṣe bí olólùfẹ́ ọmọ Palẹstínì kan, kí ó lè tọ ipa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe àdó náà. Ibi tí àwọn òǹkàwé ti ń jáwọ́ ni òru tí wọ́n fi ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ nínú ilé kan ní Áténì: ọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀, ìbọn kankan ò dún. Ẹ má fò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ọmọbìnrin náà palẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un hun. Bí ẹ bá fò ó, ìdajì tó kù á di àdììtú. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Nígbà tó jáde, àwọn kan bínú pé ó ṣàánú àwọn ọmọ Palẹstínì jù. Ní tiwa, a rí i pé kò sí ẹni tí a lè fi ọkàn tó fúyẹ́ bú nínú rẹ̀.

The Sum of All Fears tóbi bíi búlọ́ọ̀kù. Ó tó 800 ojú ìwé nínú ẹlẹ́yìn líle, ẹlẹ́yìn rírọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ǹbù átọ́míìkì Ísírẹ́lì kan tó sọnù nínú ogun 1973 bọ́ sọ́wọ́ agbésùnmọ̀mí, wọ́n gbé e dé pápá ìṣeré ní Denver. Ó ti ju ìdajì ìwé lọ dáadáa kí ó tó bú, gbogbo ohun tó ṣáájú jẹ́ ìpàdé, ọkọ̀ abẹ́ omi àti bí a ṣe ń gé irin. Àwọn tó mọ ẹ̀rọ ń jẹ́ ẹ bí àkàrà. Àwọn yòókù ń ṣí ojú ìwé mẹ́wàá mẹ́wàá kọjá. Tí ẹ bá ti wo fíìmù rẹ̀ ti 2002, ẹ má sọ pé ẹ ti mọ ìtàn náà: nínú fíìmù, àwọn ọmọlẹ́yìn Nazi ni ọ̀daràn, Baltimore ni bọ́ǹbù sì ti bú.

Ní ìlú tí ọmọ ìyá kan ń lọ mọ́ṣáláṣí tí èkejì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́: ta ni ìwé fi ṣe ọ̀tá? Ti Forsyth, ọmọ Yúróòpù ni gbogbo wọn. Clancy kó ọmọ Palẹstínì, ọmọ Jámánì àti ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà pọ̀, àmọ́ kò dúró pẹ́ lọ́kàn wọn. Mùsùlùmí tó bá ti rẹ̀ láti máa rí ẹ̀sìn rẹ̀ nínú aṣọ apànìyàn, le Carré ni kí ó kọ́kọ́ rà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú nọ́ńbà ojú ìwé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdìpọ̀ 16 tàbí 32 ojú ìwé ni wọ́n máa ń tẹ̀ pọ̀, nítorí náà bí ìdìpọ̀ kan bá já, ojú ìwé 16 tàbí 32 ló lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè jẹ́ ibi tí ìtàn ti gbóná. Ti Forsyth ní apá mẹ́ta. Ẹ rí i pé ẹ̀kẹta pé. Ẹ tẹ ẹ̀yìn ìwé díẹ̀: bí ó bá dún kẹ́kẹ́, ọyẹ́ ti gbẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, ti Clancy ló sì ń kọ́kọ́ là sí méjì nítorí ìwúwo. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ àdàkọ tẹ̀ ń rí bàìbàì, lẹ́tà etí inú rẹ̀ ń wọnú ìránpọ̀. Ẹ ṣí i sí àárín gbùngbùn, kí ẹ ka ìlà mẹ́ta. Bí ẹ bá ní láti fi ọwọ́ méjèèjì fà á ya kí ẹ tó rí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà, ẹ dá a padà sórí ẹní.