Gíráǹtì fún ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn àyíká: ilẹ̀kùn èwo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kàn?

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òun náà ni bóòtì tó ń gbé akọ̀ròyìn láti Igbókòdá dé Ayétòrò, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ mọ́ àwọn ará Ìlàjẹ lọ́wọ́. Ilé ìròyìn tó lè san owó bóòtì yẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ò pọ̀ ní Nàìjíríà, gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí a kì í dá padà, ló kù. Àmọ́ gíráǹtì ju gíráǹtì lọ. Ẹni tó bá sì kọ ìwé kan ṣoṣo, tó ń fi ránṣẹ́ kiri sí gbogbo wọn, ọwọ́ òfo ló sábà máa ń bọ̀.

Lójú tiwa, èyí tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni ti Earth Journalism Network, EJN, tí Internews, àjọ tó ń ran ilé ìròyìn lọ́wọ́ káàkiri ayé, dá sílẹ̀ ní 2004. Owó náà ò tóbi: lọ́pọ̀ ìgbà, 1,000 sí 2,000 dọ́là ni fún ìròyìn kan. Ohun tó gbé e ga ni pé wọ́n sábà máa ń fi ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti akọ̀ròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò bá a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó jáde. Tí olóòtú yín ò bá mọ̀ nípa àyíká, èyí ṣe pàtàkì ju owó náà lọ. Ẹ̀yin lẹ máa gbé ìròyìn náà jáde níbi tó wù yín, àmọ́ EJN àti àwọn alábàáṣe wọn náà á ní ẹ̀tọ́ láti tún un gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Lórí ìkànnì wọn lẹ ti máa ṣí àkáǹtì, kí ẹ tó kún fọ́ọ̀mù. Wọ́n á béèrè àpẹẹrẹ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olóòtú, àti bọ́jẹ́ẹ̀tì lórí fọ́ọ̀mù tiwọn gan-an. Lẹ́tà yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. "A mọ akọ̀ròyìn yìí dáadáa, a sì tì í lẹ́yìn" ò tó. Kí olóòtú kọ ọ́ pé òun á gbé ìròyìn náà jáde, kó sì dárúkọ oṣù tó máa jáde. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa pa dé, torí olóòtú kì í ráyè.

Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn kọ àkòrí sílẹ̀ kó pè é ní ìròyìn. "Ipa àyípadà ojú ọjọ́ ní etíkun Oǹdó" lè gba ọgbọ̀n ojú ìwé, kò sì sí ẹni tó máa sanwó fún un. "Iṣẹ́ odi òkun tí NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé síta fún Ayétòrò ní 2004, ibo ló dé?" Ìyẹn ní ẹni tí a máa bi léèrè, ó ní ìwé tí a máa wá, ó sì ní ibi tí a máa dé.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì wá ni ojú ogun. Ẹ má kọ "ìrìnàjò: 600 dọ́là" sílẹ̀ gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tú u palẹ̀: ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ dé Igbókòdá, bóòtì àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìíní, ẹ lọ rí àwọn èèyàn. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lọ ya fọ́tò, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ wọn wádìí. Ẹ fi owó ẹni tó gbọ́ èdè Ìlàjẹ sí i, torí ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn lè jókòó ti àwọn àgbà Ayétòrò kí ìdajì ọ̀rọ̀ wọn bọ́ mọ́ ọn létí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí omi iyọ̀ ṣe wọ kànga wọn tó, ẹ kọ iye kànga tí ẹ máa bu omi nínú rẹ̀, kí ẹ sì gba iye owó tí lábù, ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, máa gbà sílẹ̀ lórí ìwé kí ẹ tó kún fọ́ọ̀mù. Àwòrán sátẹ́láìtì kì í gba owó: Google Earth Timelapse ń fi etíkun hàn láti 1984, ti sátẹ́láìtì Sentinel-2 náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń fi ohun tó bá tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá hàn. Ẹni tó bá fi owó ńlá sórí àwòrán wọ̀nyí ń sọ fún àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò pé òun ò tíì wá a. Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ yá a, ẹ má rà á.

Dọ́là ni kí ẹ fi ṣírò. Láti oṣù kẹfà 2023 tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti tú náírà sílẹ̀, owó ọkọ̀ ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé lè má jẹ́ ti ọjọ́ tí ẹ máa gbéra. Díẹ̀díẹ̀ lowó náà sì sábà máa ń wọlé, apá kan lẹ́yìn tí ẹ bá bu ọwọ́ lùwé, ìyókù lẹ́yìn tí ìròyìn bá jáde, nítorí náà ẹ to ìrìnàjò yín kí apá àkọ́kọ́ lè gbé e. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀: Internews pàdánù owó púpọ̀ nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ẹ wo ọjọ́ àti orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lórí ìpè kọ̀ọ̀kan dáadáa.

Gíráǹtì Pulitzer Center, àjọ Amẹ́ríkà tó ń sanwó fún iṣẹ́ ìròyìn, tóbi ju ti EJN lọ. Ọ̀rọ̀ 250 péré ni wọ́n ń fẹ́ fún àlàyé iṣẹ́, pẹ̀lú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àpẹẹrẹ iṣẹ́ mẹ́ta, àti orúkọ ẹni mẹ́ta tó lè jẹ́rìí yín. Ọ̀rọ̀ 250 yìí le ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ. Tí ẹ bá fi 80 ṣàlàyé ohun tí àyípadà ojú ọjọ́ jẹ́, ẹ ti tán. Ẹ má sì ṣi ilẹ̀kùn: Rainforest Journalism Fund wọn wà fún Amazon, àgbègbè odò Congo àti Gúúsù Ìlà Oòrùn Éṣíà. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ò sí nínú rẹ̀. Gíráǹtì gbogbogbòò wọn ni kí ẹ gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò tíì ní iṣẹ́ mẹ́ta tó dúró dáadáa, kó ṣe sùúrù.

Mongabay, ìkànnì ìròyìn àyíká, ní félóṣíìpù (ètò ìkọ́ṣẹ́ tó ń sanwó) Y. Eva Tan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ olóoru: oṣù mẹ́fà láti ilé, 500 dọ́là lóṣù. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́, kó lọ síbẹ̀. Ẹni tó ti ní ìròyìn kan tó ń jó o lọ́kàn, EJN ló máa tètè gbé e débẹ̀. Journalismfund Europe ń wá ẹgbẹ́ tó ní àwọn ará Yúróòpù nínú, kí ẹ ti rí alábàáṣe níbẹ̀ kí ẹ tó jókòó ti fọ́ọ̀mù wọn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kọ lẹ́tà FOI yín, èyí tí a fi ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn, kí ẹ tó kọ ti gíráǹtì. Òfin 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, ó sì fàyè gba ọjọ́ méje mìíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà a máa sùn nínú fáìlì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín lọ́jọ́ tí ẹ bá fi í sílẹ̀, kí ọjọ́ náà sì hàn ketekete. Ẹ lè so ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn mọ́ àbá yín: ó ń fi hàn pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.