Àpótí ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ tí mo lò fún odindi sáà kan

Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún àti mẹ́fà ni mo ń kọ́. Tí ẹ bá bi wọ́n pé kí la fi ń ríran, "Ojú!" ni wọ́n máa kígbe, wọn ò sì ṣì í. Àmọ́ ẹ tún bi wọ́n pé tí a bá wà níbi tó ṣókùnkùn biribiri, tí ìmọ́lẹ̀ bíńtín ò sí níbẹ̀, ṣé a máa rí bọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní, "Tó bá pẹ́ díẹ̀, a máa rí i." Ìdáhùn tí kò tọ̀nà yẹn ló jẹ́ kí n ra àpótí ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ yìí.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò pọ̀. Àpótí dúdú kan tí wọ́n lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìdérí òkè rẹ̀ ṣeé ṣí díẹ̀díẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì kékeré méjì. Dígí onírọ́bà méjì. Ike pẹlẹbẹ mẹ́ta, èyí tó mọ́ gaara, èyí tó ṣe bàìbàì, àti èyí tí ìmọ́lẹ̀ ò lè gbà kọjá rárá. Pẹ̀lú ìwé ìtọ́sọ́nà. Síkúrù ni wọ́n fi dé ibi tí bátìrì wà, èyí tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Dígí náà ò lè fọ́, ṣùgbọ́n kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ha káàkiri.

Torí àpótí dúdú yẹn ló ṣe yẹ kéèyàn ra gbogbo rẹ̀. Mo fi ọkọ̀ ìṣeré pupa kan sí inú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, mo dé e, mo sì ní kí ọmọbìnrin kan yọjú wo inú ihò. "Àǹtí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Mo ṣí ìdérí bíi fífẹ̀ ìka kan. "Ó wà! Ọkọ̀ ni!" Mo bi í pé àwọ̀ wo ni. Ó wò ó títí, ó ní òun ò mọ̀, bóyá dúdú. Ìgbà tí mo ṣí i dáadáa ló pariwo pé pupa ni. Ìmọ́lẹ̀ táṣẹ́rẹ́ máa ń fi bí nǹkan ṣe rí hàn wá kí àwọ̀ rẹ̀ tó hàn, ọmọ yẹn sì fi ojú ara rẹ̀ rí i kí n tó sọ ọ́.

Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ tó burú jù wà. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé ní igun àpótí náà. Ọmọkùnrin kan gbé ojú lé ihò, kò kúrò níbẹ̀, nígbà tó yá ó ní, "Mo ti ń rí i! Àǹtí, ṣebí mo sọ fún yín pé tó bá pẹ́?" Ọkàn mi bàjẹ́. Ọmọlójú rẹ̀ ti fẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń mọ́ òkùnkùn lára, ó wá ń lo ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó yọ́ wọlé yẹn. Ohun tí mo ra àpótí yìí láti tú ká lọ́kàn rẹ̀ ni àpótí náà tún wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo fi téèpù dúdú lẹ gbogbo igun rẹ̀ láti inú, mo sì fi aṣọ dúdú bo ọmọ náà lórí. Ó wò ó, ó wò ó, ó tú aṣọ kúrò lórí, ó ní, "Kò wá rárá." Ẹ má lò ó láìṣe bẹ́ẹ̀.

Àléébù kejì wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà. Nínú àwòrán kan, ọfà jáde láti ojú ọmọ kan lọ bá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ pẹ́ tí irú èrò yìí ti wà: Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì àtijọ́, gan-an kọ ọ́ pé ìtànṣán ń ti ojú jáde lọ bá ohun tí à ń wò. Ibn al-Haytham, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bí ní Basra, ní ilẹ̀ Iraq, ní nǹkan bí ọdún 965, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké pé ìmọ́lẹ̀ tó ti ara nǹkan wá ló ń wọ inú ojú. Tí àgbà ọ̀mọ̀wé bá lè rò bẹ́ẹ̀, a ò lè bá ọmọdé wí, àmọ́ kò yẹ kí ìwé tí a fi ń kọ́ ọ ṣì í lọ́nà. Mo fi bírò yí ọfà náà padà: láti tọ́ọ̀ṣì sí bọ́ọ̀lù, láti bọ́ọ̀lù sí ojú. Ìwé kan náà sọ pé ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọdún márùn-ún fẹ́ fi ṣe?

Ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà pé kí ọmọ má ṣe wo oòrùn tààrà dára púpọ̀, mo sì ń kà á fún wọn ní gbogbo ìgbà tí a bá mú dígí jáde.

Fún ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, àpótí kan tó. Ọmọ 24 ló wà ní kíláàsì mi, àwọn tó ń dúró de ihò kan ṣoṣo yẹn sì ti ń jà kó tó kàn wọ́n. Màá tún un rà, méjì sì ni màá rà lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é nípa igun àpótí àti ọfà yẹn. Mi ò tíì gbọ́ èsì.