Spọ́ọ̀tì fíltà tàbí àpótí orijínà: ohun tí ojú Corolla mi rí láàárín Iléṣà àti Ifẹ̀

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi lo spọ́ọ̀tì fíltà nínú Corolla 2004 mi, ìyẹn éà fíltà tí àwọn èèyàn máa ń fi rọ́pò ti ilé-iṣẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè máa fa afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ mọ irú èyí tí mò ń wí: páìpù onírin tó ń dán yanranyanran, fíltà pupa tó rí ṣóńṣó bí òkòtó, kò sí àpótí kankan tó bò ó. Mo ti yọ ọ́. Àpótí dúdú tí mọ́tò náà gbé ti ilé-iṣẹ́ wá ló ti padà sáyè rẹ̀, pẹ̀lú éà fíltà oníbébà, èmi ò sì ní yọ ọ́ mọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ ọ̀nà tí mò ń gbà lójoojúmọ́ yìí ni.

Ọ̀nà náà ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iléṣà ni mò ń gbé, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ́ni. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mò ń gba Òsú lọ, tí mo sì ń gba ibẹ̀ bọ̀. Ibi tí títì bá ti jẹ, ilẹ̀ pupa ló kù síbẹ̀. Tí tírélà bá wà níwájú, ńṣe ni gbogbo iwájú á pọ́n bí ẹni pé wọ́n da osùn sáfẹ́fẹ́. Tí ọyẹ́ bá wá dé, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á tún kún ti ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò lórí títì tó mọ́ tónítóní, ó ṣeé ṣe kí tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi.

Òkè ló sún mi dé ìdí fíltà yìí. Ìyá mi wà ní Àkúrẹ́, ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà la sì ń gbà lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé bí èèyàn ṣe ń sọ òkè kan kalẹ̀ ló ń gun òmíràn. Tí èèyàn mẹ́rin bá wà nínú mọ́tò, tí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún búùtù, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oní-lítà 1.8 yìí á máa mí hẹlẹhẹlẹ, bẹ́ẹ̀ agbára ẹṣin 130 ni Toyota kọ síwèé fún un. Àbúrò mi kan tó fẹ́ràn mọ́tò gan-an wá sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ ni kò tó o. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un nímú pa." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo san ₦48,000 fún ẹnì kan tó ń tà á ní Èkó, ó sì fi í ránṣẹ́ láti gáréèjì. Ó ní agbára ẹṣin 15 ló máa fi kún un.

Bàbá Ìbejì, mẹkáníìkì mi, ló bá mi dè é. Kò gbà ju wákàtí kan lọ. Wọn ò bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tú àpótí orijínà jáde, wọ́n nù ún, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ gbé e pamọ́ sílé o. Ẹ má fi fún ẹnikẹ́ni." Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn lára mi.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dára. Ohùn rẹ̀ dùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù orijínà, àpò ike kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ariwo afẹ́fẹ́ mì. Nígbà tí ìyẹn ti kúrò, bí mo bá tẹ tótù, mọ́tò á bú, àwọn ọmọ mi á máa pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń yí ju 4,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, mo mọ̀ ọ́n lára pé ó ń fà díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí o. Kò sún mọ́ 15 tí wọ́n sọ fún mi. Ta ló sì ń wa Corolla ní 4,000 láti Iléṣà dé Ifẹ̀? Èmi kì í sábà kọjá 2,500.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Nínú ẹ́ńjìnnì bíi tèmi, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo méjì ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́. Tó bá ń yí ní 6,000, tí èèyàn sì tẹ tótù délẹ̀, nǹkan bí lítà 5,400 ló lè fà ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà yẹn, bí ọ̀nà imú rẹ̀ bá há, ó lè mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, tí mo kàn gbé ẹsẹ̀ lé tótù, awẹ́ irin kékeré tó wà lẹ́nu tótù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ́ńjìnnì, fúnra rẹ̀ ló ń sé afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ lè ṣí gbogbo fèrèsé pálọ̀ sílẹ̀. Tí ilẹ̀kùn yàrá bá ṣì wà ní títì, ẹni tó wà nínú yàrá ò ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru ló tẹ̀ lé e. Mo ní ẹ̀rọ skáànù kékeré kan tó ń lo Bluetooth, tí mo máa ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Gbogbo mọ́tò kéékèèké tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò náà, torí náà Tòkunbọ̀ wa ní in. Fóònù mi ló ń gbé nọ́ńbà jáde. Nígbà tí àpótí orijínà wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kì í sábà kọjá 40°C lọ́sàn-án. Lẹ́yìn tí mo yí i, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa ní Sábó ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ kan ní nǹkan bí aago méjì. Mo ń wo nọ́ńbà náà bó ṣe ń gùn: 45, 52, ó dé 63. Imú àpótí orijínà kọjú síwájú, afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà, àpótí sì bo fíltà lọ́wọ́ ooru. Fíltà tèmi wà ní ìhòòhò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ráàdíétọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì ló ń fà símú. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa fẹ́lẹ́. Láti nǹkan bí 38 dé 63, ohun tó ń dín kù nínú rẹ̀ tó nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Agbára tí mo lọ rà ni ooru ń gbà padà, pàápàá lórí òkè tí mọ́tò ti ń rọra lọ tí atẹ́gùn ò sì wọlé tó.

Epo ńkọ́? Kò dín. Kọ̀ǹpútà mọ́tò ló ń wọn afẹ́fẹ́ tó wọlé, tó sì ń bu epo tó bá a mu, nǹkan bí ìwọ̀n 14.7 afẹ́fẹ́ sí ìwọ̀n 1 epo. Kódà fíltà tó dọ̀tí kì í mú kí irú mọ́tò yìí jẹ epo sí i. Ilé ìwádìí Oak Ridge ní Amẹ́ríkà dán an wò ní 2009, bí mọ́tò ṣe ń tètè sáré ni wọ́n rí i pé ó dín kù. Tèmi tiẹ̀ lọ sókè díẹ̀, torí ohùn náà ń mú kí n tẹ tótù ju bó ṣe yẹ lọ.

Gbogbo èyí, mo ṣì lè fara mọ́ ọn. Ohun tó lé mi kúrò nídìí rẹ̀ ni eruku.

Inú ọyẹ́ ni. Bí mo ṣe kọjá Òsú láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì tàn. Skáànù gbé kóòdù P0171 jáde, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì nírọ̀lẹ́, wọ́n tú páìpù, wọ́n ní kí n mú áńkáṣíìfù mi wá. Funfun ni. Wọ́n wé e mọ́ ìka, wọ́n ki ìka náà bọ inú páìpù lẹ́yìn fíltà, níbi tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ti mọ́, wọ́n sì yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ìlà pupa kan tó fẹ̀ tó ìka wọn wà lára aṣọ náà. Mo fi ìka méjì rin ín. Yanrìn ni, ó kúnná bí èyí tó máa ń wà nínú gàrí tí wọn ò sẹ́ dáadáa. Àyà mi já. Yanrìn le ju irin inú sílíńdà lọ, ibi tí èyí sì ń lọ nìyẹn, láàárín ríìngì àti ògiri sílíńdà, lójoojúmọ́.

Wọ́n tún fi tọ́ọ̀ṣì hàn mí MAF, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Òróró ti bò ó, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ òróró. Òwú ni fíltà náà, òróró tí wọ́n ní ká fi pa á lẹ́yìn ìfọ̀ ló fi ń mú eruku, ara òróró náà ló sì rìn dé orí wáyà. Wáyà tí nǹkan bò kì í ka gbogbo afẹ́fẹ́ tó kọjá, kọ̀ǹpútà á wá bu epo tó kéré. Páìpù tuntun náà sì sanra ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ti ilé-iṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n fọ̀. Mo fi í sílẹ̀.

MAF cleaner ni Bàbá Ìbejì fi fọ wáyà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bẹntiróòlù tàbí búrọ́ọ̀ṣì kàn án, á já. A pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì láìtíì tó àkókò, a sì dá àpótí padà lọ́jọ́ kejì.

Éà fíltà oníbébà tí mo rà jẹ́ ₦9,000. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ẹ fọwọ́ kan rọ́bà etí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: kó rọ̀, kó sì jókòó pinpin sínú àpótí yíká. Tí àyè bá wà níbì kan, ibẹ̀ ni eruku á gbà. Àwọn kan máa ń gbé fíltà lọ sọ́dọ̀ fọ́kànáísà láti fẹ́ ẹ. Irú afẹ́fẹ́ tí a fi ń fẹ́ táyà yẹn lágbára jù, ó ń fa bébà ya lójú tí èèyàn ò lè rí. Èmi kì í fẹ́ ẹ mọ́. Mò ń pààrọ̀ rẹ̀ ní bíi 10,000 kìlómítà, mo sì ń ṣí àpótí wò láàárín ọyẹ́.

Òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ńkọ́? A fọ ẹnu tótù tó ti dúdú, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá Ìbejì sì fi bọ́tìnnì O/D tó wà lára ọ̀pá jíà hàn mí, pé kí n máa tẹ̀ ẹ́ tí mo bá fẹ́ gun òkè, kí jíà kẹrin má baà wọlé. Owó kankan ò wọ ìyẹn. Ìyàtọ̀ tí mo rí níbẹ̀ ju ti ₦48,000 lọ fíìfíì.

Mi ò sọ pé spọ́ọ̀tì fíltà ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe láti bá a mu, tó sì ń sá eré gidi, á jèrè nínú rẹ̀. Èyí tó ní páìpù gígùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn bọ́ńpà ń rí afẹ́fẹ́ tútù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àgbàrá òjò ó lè fa omi. Omi tó bá wọ sílíńdà kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, ọ̀pá pístìnnì ló ń tẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oṣù mẹ́rin géérégé tí a ti dá àpótí padà, mo tún gbé áńkáṣíìfù funfun lọ bá Bàbá Ìbejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú páìpù, wọ́n ki ìka bọ̀ ọ́, wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n na aṣọ náà sí mi. Ó funfun bí mo ṣe gbé e wá.