Ìwé Babangida tí mo rà: ibi June 12 gan-an ló já

Ẹ má bínú tó bá gùn o, inú ló ń bí mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà ti gbọ́ nípa ìwé náà, A Journey in Service, èyí tí wọ́n kó jáde l'Abuja ní February 20, 2025, tí àwọn olówó ń dá bílíọ̀nù jọ fún ilé ìkàwé bàbá náà bí ẹni ń dá èésú. Ṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn ni mo ti ra tèmi, mo ṣe tíránsífà, ọlọ́kadà gbé e wá, ó wúwo, náílọ̀n tí wọ́n fi wé e ń dán.

Mi ò ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. June 12 ni mo ṣí lọ tààrà, ìdìbò ààrẹ ọdún 1993 tí ìjọba ológun Babangida wọ́gi lé, torí àfẹ̀mọ́jú ni bàbá mi ti wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́ṣin, ìyẹn SDP, ẹgbẹ́ Abiola, ni wọ́n dìbò fún, títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń bèèrè ẹni tó gbé ìbò àwọn mì. Mo ń kà á bọ̀, ó ń dùn, mo ṣí ojú ìwé kan báyìí, ni mo bá rí i pé ohun tí mo ti kà tán ni mo tún ń kà. Mo wo nọ́ńbà. Odindi ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ò sí níbẹ̀, mẹ́rìndínlógún tó ṣáájú wọn ni wọ́n tún dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì! Ibi tí bàbá náà ti fẹ́ dárúkọ ẹni tó wọ́gi lé ìbò ló já.

Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, a ti rí i, a máa dá yín lóhùn." Ọjọ́ mẹ́ta, kò sóhùn kankan. Lọ́jọ́ kẹrin mo wọkọ̀ lọ bá wọn. Mánéjà wọn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù, ó ní àwọn kì í gba ìwé tí wọ́n bá ti ṣí náílọ̀n rẹ̀. Mo ní ọ̀gá, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò pé tí mi ò bá ṣí i? Ó ní rìsíìtì ńkọ́. Mo fi tíránsífà hàn án, ó ní ìyẹn kọ́ ni rìsíìtì. Ohùn mi ti ń lọ sókè kí ọmọbìnrin kan tó bọ́ síta láti ẹ̀yìn káńtà (òun ló ń dáhùn WhatsApp yẹn), ó gba ìwé náà, ó tutọ́ sí àtàńpàkò, ó ń ka nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó débi tó já, ó wá bú sẹ́rìn-ín: "Dádì, àbí ẹni tó kọ ọ́ ló yọ ọ́ ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, mánéjà pàápàá rẹ́rìn-ín, èmi náà ò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi ní òmíràn. Mi ò lè dúró dilé, orí ìdúró níbi káńtà ni mo ti ka ojú ìwé mẹ́rìndínlógún náà.

Ó sọ ọ́ o! Ó ní Abiola ló wọlé, ìbò 8,128,720, Tofa tí wọ́n jọ díje ní 5,848,247. Ó lé lọ́dún 31 kó tó jáde lẹ́nu ẹ̀, omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo rántí bàbá mi. Ibẹ̀ yẹn mo gbà á gbọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gún lára.

Àmọ́ ẹni tó wọ́gi lé e ńkọ́? Ó ní Katsina lòun wà, òun lọ bá àwọn Yar'Adua kẹ́dùn bàbá wọn tó kú, ibẹ̀ lòun ti gbọ́ pé Nduka Irabor, agbẹnusọ Aikhomu igbákejì òun, ti ka ìkéde ní June 23, látorí bébà tí kò ní déètì tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i, pé Ọ̀gágun Abacha àtàwọn èèyàn rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ dúró ná. Abacha kú ní June 1998, Abiola tẹ̀ lé e ní July, Aikhomu kú ní 2011. Àwọn ọmọ Abacha pariwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n wà nínú yàrá ìpàdé ni? Mo ní ìwé tí Omo Omoruyi kọ lórí June 12 nílé, òun náà sún mọ́ wọn dáadáa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n 1999 ló gbé tiẹ̀ jáde, nígbà tí Babangida àti Aikhomu ṣì wà láàyè láti já a nírọ́. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀.

Èyí tí mi ò lè gbé mì ni June 26. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìkéde tó ní òun ò mọ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ ló bá gbogbo Nàìjíríà sọ̀rọ̀, tó ń ro ìdí tó fi yẹ kí wọ́n wọ́gi lé ìbò náà. Bàbá mi gbé rédíò sétí lọ́jọ́ yẹn, wọn ò jẹun alẹ́. Tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ bá ta ewúrẹ́ rẹ nígbà tí o ò sí nílé, o dé, ṣé wàá wá bọ́ síta máa ṣàlàyé fún àdúgbò pé ewúrẹ́ yẹn yẹ ní títà?

Ìwé náà dùn-ún kà ṣá, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n mi ti wá yá a, kò tíì dá a padà. Èyí tó já yẹn, mo rí i lórí status ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti dín owó ẹ̀, wọ́n ní kò ní àbùkù kankan.

Ìwé: 5 nínú 5. Ṣọ́ọ̀bù: 4, ọmọbìnrin yẹn ló ni gbogbo ẹ̀.